Mítà Ni Kọ́ńgò Iná: Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀ Ọ́n Kà

   

Nínú ìwé wa tìyí, a ò sọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ò sọ̀rọ̀ èsúsú. Ọ̀rọ̀ mítà iná tó wà lára ògiri ilé wa la fẹ́ sọ. Ẹlòmíì á ní, "Kí ló kan ìyá ẹlẹ́ja nínú ọ̀rọ̀ mítà? Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàbá onílé àti àwọn Nẹ́pà ni?" Ó kàn wá, ó kàn wá gidi. Ta ló ń sanwó iná tí fíríísà fi ń ṣiṣẹ́? Ẹja ta ló ń bàjẹ́ nígbà tí wọ́n bá já wáyà? Ta ni wọ́n ń gbé bíìlì fún ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n tún ń gbé òmíràn fún nílé? Àwa náà ni.

Ẹ wò ó, kò sí ọlọ́jà kan ní Igbókòdá tó máa ra gàrí tí kò ní kọ́kọ́ wo ìdí kọ́ńgò. Bí ẹni tó ń tà bá ti tẹ ìdí kọ́ńgò wọnú, ariwo á ta. Bí wọ́n bá fi ewé di ìsàlẹ̀ agbọ̀n edé, a ó dà á sílẹ̀ lójú gbogbo ọjà. A kì í fojú lásán ra ọjà. Ṣùgbọ́n iná tí à ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà lé lórí lóṣooṣù, a kì í wo kọ́ńgò rẹ̀. Mítà ni kọ́ńgò iná. Ẹni tí kò bá mọ kọ́ńgò ọjà tó ń rà, iye tí ẹni tó ń tà bá ní òun wọ̀n fún un náà ló máa gbà.

OHUN TÍ ÀÌSÍ KỌ́ŃGÒ FÀ

Àwọn àgbà wa ní Ayétòrò ti mọ iná ṣáájú ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ yìí. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí etí òkun, láàárín àwọn ọdún 1950 ni ẹ̀rọ tiwọn sì ti ń fún wọn ní iná. Nígbà náà, àjọni ni gbogbo nǹkan: iṣẹ́ ìlú ni, oúnjẹ ìlú ni, owó ìlú ni. Kò sí ìdí tí ẹnì kan á fi máa bi ẹnìkejì pé iná mélòó lo lò, torí àpò kan náà ló ń gbọ́ bùkátà gbogbo wọn. Ayé yẹn ti kọjá. Lónìí oníkálùkù ló ń sanwó tirẹ̀, ibi tí oníkálùkù bá sì ti ń sanwó tirẹ̀, òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ọdún 1972 ni ìjọba dá NEPA sílẹ̀. Ní 2005, wọ́n yí i padà sí PHCN. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, iṣẹ́ pípín iná bọ́ sọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ aládàáni. BEDC ló gba ti Òǹdó, Èkìtì, Ẹdó àti Delta. Orúkọ ń yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni kò rí mítà. Ilé tí kò bá sì ní mítà, bíìlì ìfojúdá ni wọ́n ń gbé wá fún un, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí "krésì bíìlì".

Kí ló wá gbẹ̀yìn rẹ̀? Láti nǹkan bí ọdún 2014 ni òkùnkùn ti bo ọ̀pọ̀ ìlú ní Gúúsù Òǹdó, láti Òkìtìpupa dé Ìrèlè, dé Ẹsẹ̀-Odò, dé Ìlàjẹ tiwa. Iléeṣẹ́ ní gbèsè ló pọ̀ jù. Àwọn ará ìlú ní iná tí àwọn rí kò tó iye tí wọ́n kọ sínú bíìlì. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ń mú iná jáde sì wà ní Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, nítòsí wa níbí. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń gbé etí odò kì í fi itọ́ bọ́jú, ṣùgbọ́n àwa fi itọ́ bọ́jú fún ọdún gbọọrọ. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí iná lọ ti di ẹni tó ń lọ sílé ìwé tó ń fi tọ́ọ̀ṣì kàwé. Epo jẹnẹrétọ̀ gbé èrè ẹja mì.

A ò jókòó láti dá ẹjọ́ ẹni tó jàre. Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí nìyí: nínú ìjà gbèsè yẹn, ẹnu lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi jà. Ilé púpọ̀ ò ní mítà, àwọn tó sì ní i ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Bí a bá fẹ́ gba gbèsè lọ́wọ́ oníbàárà, ìwé là ń ṣí. Nígbà tí wọ́n wá gba gbèsè iná lọ́wọ́ wa, ìwé tiwa dà?

Nítorí náà, ibikíbi tí iná bá ti wà, àti ibi tí a ṣì ń retí rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká gba iná láìgba kọ́ńgò rẹ̀. Tí a bá sì gba kọ́ńgò, ká mọ̀ ọ́n kà, ká sì tọ́jú rẹ̀.

KÍ NI MÍTÀ Ń KÀ?

Yúníìtì ni mítà ń kà. Kò ṣòro rárá. Gbogbo ohun èlò oníná ni wọ́n kọ wáàtì rẹ̀ sí lára, ní ẹ̀yìn tàbí ní ìsàlẹ̀. Wáàtì yìí ló ń sọ bí nǹkan náà ṣe ń mu iná tó. Ohun tó bá jẹ́ 1,000 wáàtì, tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko, ó ti jẹ yúníìtì kan. Tó bá jẹ́ 100 wáàtì, ó di wákàtí mẹ́wàá kó tó jẹ yúníìtì kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ sí i. Ká ní fíríísà kékeré kan jẹ́ 150 wáàtì. Kì í ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tó bá ti tutù tán, á dákẹ́, tó bá yá á tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 12 nínú wákàtí 24, yúníìtì 1.8 ló jẹ lọ́jọ́ kan, ìyẹn yúníìtì 54 lóṣù.

Ká wá wo gílóòbù aláwọ̀ pupa àtijọ́ tó jẹ́ 60 wáàtì. Ká ní márùn-ún wà nínú ilé, ẹ sì ń tan wọ́n fún wákàtí mẹ́fà lálẹ́. Yúníìtì 1.8 náà ni! Gílóòbù márùn-ún péré ń jẹ iná tó fíríísà tí ẹja yín wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi gílóòbù LED oníwáàtì 9 rọ́pò wọn, àwọn márààrún ò ní jẹ ju yúníìtì 0.27 lọ lálẹ́ kan náà. Ẹ ò rí i pé owó ń bọ́ sílẹ̀ láti orí àjà?

Sítóòfù oníná ńkọ́? Tó bá jẹ́ 1,500 wáàtì, tẹ́ ẹ fi se ẹ̀wà fún wákàtí méjì, yúníìtì mẹ́ta ti lọ. Ìyẹn ju ti fíríísà láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì lọ. Ohunkóhun tó bá ń gbóná ló ń jẹ iná jù: áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùrù, sítóòfù. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá ń pariwo pé "mítà yìí ń sáré jù," áyọ́ọ̀nù àwọn ọmọ ló ń sáré.

Iye owó yúníìtì kan kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín àwọn tó ń lo iná sí ìpele A, B, C, D àti E. Àwọn A ló yẹ kó máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́. B, wákàtí 16. C, wákàtí 12. D, wákàtí 8. E, wákàtí 4. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó ìpele A lọ sí 225 náírà fún yúníìtì kan, wọ́n sì ti yí iye náà padà lẹ́yìn ìgbà náà. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ní ọ́fíìsì wọn ni pé, "Ìpele wo ni wáyà àdúgbò wa wà? Èló ni yúníìtì kan?" Bí wọ́n bá ń gba owó wákàtí 20 lọ́wọ́ yín, tí iná ò sì ju wákàtí mẹ́jọ lọ, ẹ ti ń sanwó ẹja tútù fún ẹja tó ti rà.

Ẹ tún rántí owó orí ọjà. 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fi lé owó iná. Bí ẹ bá mú 5,000 náírà lọ, nǹkan bí 349 náírà ni ti ìjọba. 4,651 tó kù ló máa ra iná. Ká ní 100 náírà ni yúníìtì kan, yúníìtì 46 àti ààbọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Bí ohun tó wà nínú rìsíìtì bá kéré púpọ̀ sí ìṣirò yín, ẹ béèrè. Ó ṣeé ṣe kí gbèsè kan wà lórí mítà tí wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ṣọ́ọ̀bù tuntun, ẹ fetí sí èyí dáadáa: kẹ́ ẹ tó sanwó ṣọ́ọ̀bù, ẹ béèrè bóyá ẹni tó kó jáde fi gbèsè iná sílẹ̀. Ẹni tó jẹ iyán ti lọ, ẹ̀yin ni wọ́n máa ní kó fọ odó.

BÍ A ṢE Ń DÁN KỌ́ŃGÒ WÒ

Mítà àtijọ́, èyí tí irin pẹlẹbẹ kan ń yí nínú rẹ̀, kíkà rẹ̀ rọrùn. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, ẹ fi èyí tó wà nínú àpótí pupa sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún kọ ọ́. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ẹ̀ẹ̀kejì, ohun tó ṣẹ́kù ni yúníìtì tẹ́ ẹ lò. Bí bíìlì bá dé, ẹ fi wé e.

Mítà ìgbàlódé tí à ń ra káàdì sí ní gílóòbù pupa kékeré kan tó ń ṣẹ́jú. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ara mítà pé ìṣẹ́jú mélòó ló jẹ́ yúníìtì kan: òmíràn 1,000, òmíràn 1,600. Ẹ wá "imp/kWh" lára rẹ̀, nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀ ni.

Ọ̀nà méjì la lè gbà dán an wò, kò sì ní ná wa ní kọ́bọ̀. Àkọ́kọ́, ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, kẹ́ ẹ sì yọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ dúró síwájú mítà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí gílóòbù pupa yẹn bá ṣì ń ṣẹ́jú, iná ń jò níbì kan. Ó lè jẹ́ wáyà tó ti bó, ó lè jẹ́ aládùúgbò tó so wáyà mọ́ tiyín. Ẹ pe rìwáyà tó mọṣẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ tan nǹkan kan ṣoṣo tẹ́ ẹ mọ wáàtì rẹ̀. Ká ní áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 ni, kí gílóòbù ara áyọ́ọ̀nù náà sì wà ní títàn, kẹ́ ẹ wo aago fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lórí mítà oní-1,000, ó yẹ kó ṣẹ́jú ní nǹkan bí ìgbà 50. Lórí oní-1,600, nǹkan bí ìgbà 80. Bí iná àdúgbò yín ò bá le, á dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá lọ di ìlọ́po méjì, kọ́ńgò yín ti ní àléébù nìyẹn, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ pé kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Nípa ríra iná: nọ́ńbà mítà yín, nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ mọ́kànlá ni, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ẹni tó ń tà bá ṣì tẹ̀, iná yín á wọ ilé onílé. Káàdì tẹ́ ẹ bá rà máa ń ní nọ́ńbà ogún. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ má kánjú. Àwọn mítà kan wà tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ń ṣì í tẹ̀ léraléra, á ti ara rẹ̀ pa fúngbà díẹ̀. Bí iná bá ti lọ pátápátá ní àdúgbò, tí mítà fúnra rẹ̀ sì wà lókè pó, tó jẹ́ pé bọ́tìnì nìkan ló wà lọ́wọ́ yín nílé, ó lè má gba káàdì àfi tí iná bá dé. Ẹ má fi ìbínú fọ́ ọ.

MÍTÀ TÓ TI SÙN PẸ́

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí iná ti pẹ́ ní àdúgbò wa jù. South Africa ni wọ́n ti ṣe ìlànà káàdì onínọ́ńbà ogún tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò. Mítà wọ̀nyí ní ìwé òǹkà kan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ láti 1993, tó ń ka ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ìwé òǹkà yẹn kún dé ojú ewé ìkẹyìn, káàkiri gbogbo ayé. Kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn iléeṣẹ́ iná ń fún oníbàárà ní nọ́ńbà méjì, ogún-ogún, pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú mítà kí ó lè ṣí ìwé tuntun. Mítà tí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́ sí kò ní gba káàdì kankan mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Ẹ wá rò ó wò. Ilé tí kò rí iná fún ọdún mélòó kan, tí mítà rẹ̀ kàn fi ara kọ́ ògiri, báwo ló ṣe máa tẹ nọ́ńbà yẹn? Nítorí náà, bí iná bá dé àdúgbò yín, tẹ́ ẹ ra káàdì tí mítà kọ̀ ọ́, ẹ má sáré pe ẹni tó máa tú u. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà mítà yín, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà méjì tó ń ṣí i. Ẹ tẹ ti àkọ́kọ́, ẹ tẹ ti ẹ̀ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà lẹ wá tẹ káàdì. Bí ẹ bá ní káàdì àtijọ́ tẹ́ ẹ rà ṣáájú tẹ́ ẹ ò tíì tẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ó bá ṣì gbà á kẹ́ ẹ tó tẹ nọ́ńbà méjì yẹn, torí lẹ́yìn rẹ̀, káàdì àtijọ́ di bébà lásán.

IYỌ̀, OMI ÀTI INÁ

Ẹni tó ń gbé Àkúrẹ́ kò ní ọ̀tá tí mítà tiwa ní. Atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀ wá, iyọ̀ yìí ló ń jẹ páànù ilé wa, òun náà ló ń jẹ ibi tí wọ́n ti so wáyà mọ́ mítà. Bí ibẹ̀ bá ti dípẹtà, wáyà á dẹ̀, á máa gbóná, bó bá pẹ́ á gbiná. Àwa tí à ń gbé ilé pákó lórí omi, tí ilé kan fara ti èkejì, a mọ ohun tí iná lè ṣe. Bó bá mú ilé kan, kì í dúró síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ojú yín máa wà lára mítà. Bí ẹ bá gbóòórùn jíjó, bó bá ń kùn bí oyin, bí ara rẹ̀ bá dúdú tàbí tó ń gbóná, ẹ pa iná àgbá ilé, ẹ pe iléeṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣí i. Síìlì tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe tiwa láti já. Aṣọ gbígbẹ la fi ń nu ara rẹ̀, kì í ṣe aṣọ tútù. Ẹ má fi ọ̀rá wé e nítorí òjò; ọ̀rá á mú ooru àti omi há sínú rẹ̀, ìpẹtà á wá yá sí i. Bọ́tìnì tó ń lo bátìrì, bí iná bá lọ fún ìgbà pípẹ́, ẹ yọ bátìrì rẹ̀ kó má baà rà síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá wá gbé mítà síta, ẹ fi ibi tí omi dé hàn wọ́n, lọ́dún tó ga jùlọ. Kí mítà ga ju ibẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ̀yin ará Ayétòrò àti gbogbo etí òkun tí òkun ń jẹ ilẹ̀ wọn mọ ìdí tí a fi ń sọ èyí. Bí omi bá ti wọlé dé ara sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí mítà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tó wà nínú omi lọ fọwọ́ kàn án. Ẹ jáde, ẹ pe iléeṣẹ́ kí wọ́n pa á láti ìta.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ náà ńkọ́? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wáyà olórí méjì ni wọ́n ṣe, wọ́n á ki ọ̀kan bọ jẹnẹrétọ̀, wọ́n á ki èkejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri. Ikú lèyí. Iná yẹn lè gba ara mítà jáde lọ sórí pó, kó pa òṣìṣẹ́ tó ń tún wáyà ṣe, ọmọ ọlọ́mọ. Bí iná gan-an bá sì dé lójijì, jẹnẹrétọ̀ á jóná. Súwíìsì tí wọ́n ń pè ní ṣenjí-ófà ni kẹ́ ẹ rà, kí rìwáyà fi í sẹ́yìn mítà. Owó rẹ̀ kò tó owó ìsìnkú.

Ẹ MÁ FO MÍTÀ

A gbọ́dọ̀ bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn rìwáyà kan ń kiri ọjà pé àwọn lè mú wáyà fo mítà, kí fíríísà máa ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa tí à ń pariwo ẹni tó tẹ ìdí kọ́ńgò, ṣé àwa la tún máa tẹ ìdí kọ́ńgò fún ẹlòmíràn? Òfin iná ti ọdún 2023 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀. Òfin nìkan sì kọ́. Wáyà tó fo mítà fo ohun tó yẹ kó dá iná dúró nígbà ewu. Iná tí wọ́n jí á kún orí tíránsífọ́mà títí á fi bú, gbogbo àdúgbò á wá bọ́ sínú òkùnkùn. Iléeṣẹ́ á tún ní ọ̀rọ̀ sọ pé, "Ẹ ò rí wọn, olè ni wọ́n." Bí ọwọ́ wa ò bá mọ́, a ò lè na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni.

ẸTỌ́ WA

Àjọ NERC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà ti to ẹ̀tọ́ oníbàárà lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ wọ́n sórí:

Ẹ ní ẹ̀tọ́ sí mítà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ilé tuntun tí wọ́n bá fẹ́ fún ní iná, mítà ló yẹ kó ṣáájú iná.

Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti tako bíìlì. Ẹni tí kò ní mítà tó sì ń jà lórí bíìlì ìfojúdá, iye bíìlì ìkẹyìn tí kò sí ìjà lórí rẹ̀ ni kó san títí wọ́n á fi yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí yín kí wọ́n tó já iná yín.

Bí wọ́n bá gba owó jù, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà.

Ríra tíránsífọ́mà, pó àti wáyà àdúgbò kì í ṣe iṣẹ́ ará ìlú.

Ìpínlẹ̀ Òǹdó ti ní òfin iná tirẹ̀ láti 2020, ní 2024 sì ni NERC kéde pé òun ń gbé àmójútó iná ní ìpínlẹ̀ yìí lé àjọ ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé kò di dandan kí ẹjọ́ wa dé Àbújá mọ́. Ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná la ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé náà dání, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Bí wọn ò bá dáhùn, ká gbé ẹ̀dà yẹn lọ bá àjọ ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ẹjọ́ ẹnu lásán, atẹ́gùn ni.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti iléeṣẹ́ iná, ohun mẹ́ta là ń béèrè. Kí mítà dé kí bíìlì tó dé, ní gbogbo ọjà àti ilé tí iná bá padà sí. Kí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ gbèsè ìfojúdá àtijọ́ lójú gbogbo ayé, kí wọ́n má fi dí ọ̀nà iná tuntun. Kí mítà tí wọ́n bá fẹ́ gbé wá sí etí òkun jẹ́ èyí tó lè fara da iyọ̀, kí wọ́n sì fi í sínú àpótí tí ìpẹtà kò ní jẹ.

Lọ́wọ́ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ohun kan ṣoṣo ni: ìwé. Kí oníkálùkù ra ìwé olójú ewé ogójì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, ẹ kọ ohun tó wà lójú mítà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ra iná, ẹ kọ ọjọ́, iye owó, iye yúníìtì, kẹ́ ẹ sì lẹ rìsíìtì mọ́ ọn. Ọjọ́ tí iná ò bá sí, ẹ kọ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó pe ọmọ rẹ̀. A rọ àwọn olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹlẹ́ja, aláṣọ, oníyẹ̀fun, kí wọ́n máa yẹ ìwé ara wọn wò ní ìpàdé. Bí ogójì obìnrin bá gbé ogójì ìwé síwájú ọ̀gá iléeṣẹ́ iná, tí gbogbo rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé ariwo ọjà ni.

Àwọn tó wà ní abúlé tí wáyà ìjọba ò tíì dé, tẹ́ ẹ ń ronú iná oòrùn àjọlò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín bákan náà. Iná oòrùn àjọlò náà ń lo mítà. Ẹ béèrè iye yúníìtì kan kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Òkùnkùn tó kọjá ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ tó dùn wá dé egungun. A ò fẹ́ kí ó tún kọ́ àwọn ọmọ wa. Kí iná tó padà, ká ti mọ kọ́ńgò rẹ̀. Bó ti padà, ká máa ṣọ́ ọ bí a ṣe ń ṣọ́ àpò owó wa.

Ọjà á tà, àwọ̀n á kún, ẹja ò ní rà mọ́ wa lọ́wọ́. Iná ayé wa kò ní kú o. Àmín.